Mo fi sìgá sílẹ̀, ó wá ń rẹ̀ mí tọ̀sán-tòru: ẹ̀yin tó ti gba ọ̀nà yìí rí, ẹ bá mi dá sí i

Télọ̀ Mọ́kọ́lá:

Ẹ̀yin ará, ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o. Iṣẹ́ aṣọ rírán ni mò ń ṣe n'Ìbàdàn. Láti ìgbà tí mo ti wà lẹ́nu ẹ̀kọ́ṣẹ́ ni mo ti ń mu sìgá. Àwa ọmọ iṣẹ́ la máa ń pín ẹyọ kan mu nígbà náà, títí ó fi di bárakú. Oṣù tó kọjá ni mo pa á tì. Kò sẹ́ni tó fipá mú mi. Mi ò kàn lè gun àtẹ̀gùn dé ṣọ́ọ̀bù mi mọ́ láì dúró mí, ọmọ mi obìnrin náà sì ti ń yínmú tí mo bá fẹ́ gbé e.

Ohun tó wá ń dà mí láàmú nìyí. Mo rò pé ara mi á jí pépé ni tí sìgá bá ti kúrò níbẹ̀. Ọ̀tọ̀ lohun tí mo rí. Tí mo bá jókòó sídìí ẹ̀rọ láàárọ̀, ojú mi á máa pa dé. Tó bá di òru, oorun á sá lọ. Nǹkan kan ò dùn mọ́ mi. Àní bọ́ọ̀lù tí mo fẹ́ràn tó yẹn, ẹgbẹ́ tí mò ń tì lẹ́yìn gbá góòlù wọlé, mo kàn ń wo tẹlifíṣọ̀n ṣáá ni. Mò ń jágbe mọ́ oníbàárà. Mo ti lo oògùn ibà, kò yí nǹkan kan padà. Ọ̀rẹ́ mi kan ní ara tó bá ti mọ́ sìgá, tí wọ́n bá já a gbà lọ́wọ́ rẹ̀, àìsàn ni yóò fi ṣe. Ṣé bẹ́ẹ̀ ni? Ká má parọ́, ó ń ṣe mí bíi kí n mu ẹyọ kan péré kí ojú mi lè là.

Awakọ̀ Ọ̀jọ́ta:

Bọ̀dá, ẹ má mu ẹyọ kan yẹn o! Kò sí ẹyọ kan péré nínú ọ̀rọ̀ sìgá. Èmi náà rí ohun tí ẹ ń rí yìí. Mò ń wa mọ́tò, omijé ń dà lójú mi, kò sì sí ẹni tó kú. Kọ̀ńdọ́ mi rò pé olówó mọ́tò ti fẹ́ gba mọ́tò rẹ̀ ni. Ó kọjá lọ. Kí àwọn tó mọ̀wé wá ṣàlàyé ìdí rẹ̀, èmi kàn ń jẹ́ kí ẹ mọ̀ pé ó máa ń kọjá lọ.

Nọ́ọ̀sì Alẹ́:

Ẹ kú ìrọ́jú, ẹ̀gbọ́n. Ọ̀rẹ́ yín sọ ìdajì òótọ́, ó wá fi ìdajì tó kù ṣì yín lọ́nà. Lóòótọ́ ni ara yín ń wá nǹkan tó ti mọ́ ọn lára. Àmọ́ kò sí ara kan tó nílò sìgá kó tó lè dá ṣáṣá.

Tí èèyàn bá fa èéfín tábà sínú, kò ju ìṣẹ́jú àáyá mélòó kan lọ tí nikotíìnì, èròjà inú tábà tó ń di bárakú, fi ń dé ọpọlọ. Tó bá débẹ̀, á mú kí ọpọlọ tú èròjà kan tí wọ́n ń pè ní dopamine jáde, èyí tó ń jẹ́ kí nǹkan dùn mọ́ni. Á tún mú kí ọkàn sáré, kí ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ gòkè díẹ̀, kí ebi má pani bó ṣe yẹ. Ọpọlọ ẹni tó ti ń mu ún fún ọdún gbọọrọ á wá fi kún àwọn ojúkò tí nikotíìnì ń bà lé, á sì di pé sìgá ló ń retí kí inú rẹ̀ tó dùn. Lọ́jọ́ tí ẹ bá ní ó tó gẹ́ẹ́, àwọn ojúkò yẹn ṣófo. Ìyẹn ni góòlù ò fi dùn mọ́ yín. Ìyẹn náà ni ojú fi ń pa dé lórí ẹ̀rọ, torí ohun tó ń ta ara yín jí láàárọ̀ ti lọ, ara ò sì tíì rántí bí òun ṣe ń dá jí.

Láàárín nǹkan bíi wákàtí méjì, ìdajì nikotíìnì tó wà nínú ẹ̀jẹ̀ á ti lọ. Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé ọjọ́ kejì àti ìkẹta ló máa ń le jù. Inú bíbí, àìsùn, ọkàn tí kò lójú kan, ebi àpajù, ìgbẹ́ líle, egbò ẹnu, gbogbo wọn ló ń bá a rìn. Fún ọ̀pọ̀ èèyàn, ọ̀sẹ̀ 2 sí 4 ló fi ń rọlẹ̀. Àárẹ̀ àti ìrẹ̀wẹ̀sì lè fà jù bẹ́ẹ̀ lọ díẹ̀, torí ó lè gba ọpọlọ ní ọ̀sẹ̀ 6 sí 12 kí àwọn ojúkò tó fi kún un yẹn tó dín kù dé iye tó wà lára ẹni tí kò mu sìgá.

Ẹ tún gbọ́ èyí. Ní 2014, ìwé ìròyìn àwọn dókítà ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tó ń jẹ́ BMJ gbé àgbéyẹ̀wò kan jáde tó kó ìwádìí 26 pọ̀ sójú kan. Wọ́n padà yẹ àwọn tó jáwọ́ wò lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ 6, ó kéré tán. Ìrẹ̀wẹ̀sì, àníyàn àti másùnmáwo wọn ti dín kù, ọkàn wọn sì fúyẹ́ ju ti àwọn tó ṣì ń mu ún lọ. A máa ń sọ pé sìgá ló ń fọkàn ẹni balẹ̀. Ara tó ti ń bẹ̀bẹ̀ fún ẹyọ tó kàn ni ẹyọ tó kàn ń pa lẹ́nu mọ́, kò ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Nǹkan kan tiẹ̀ ti dáa lára yín tí ẹ ò rí: carbon monoxide, gáàsì kan náà tó ń pa àwọn tó tan jẹnẹrétọ̀ sínú ilé sùn, wà nínú èéfín sìgá. Láàárín ọjọ́ kan sí méjì tí ẹ ti dáwọ́ dúró ló ti jáde kúrò nínú ẹ̀jẹ̀ yín.

Ẹ jẹ́ kí n bi yín léèrè kan: ṣé ẹ máa ń jẹ obì, àbí ẹ máa ń mu kọfí?

Télọ̀ Mọ́kọ́lá:

Nọ́ọ̀sì, ẹ ṣeun gan-an ni. Báwo lẹ ṣe mọ̀? Gbànja kì í tán lápò mi. Láti ìgbà tí mo ti fi sìgá sílẹ̀ ni mo tún ti fi kún un kí ẹnu mi má bàa dá wà, kí n má sì sùn lọ sórí aṣọ oníbàárà. Tó bá di ọ̀sán, mo tún máa ń gba ọ̀kan nínú ohun mímu inú agolo tí àwọn ọmọ iṣẹ́ mi ń mu, èyí tí wọ́n ní ó ń fúnni lágbára.

Apoògùn Òkè-Àdó:

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí n gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu nọ́ọ̀sì díẹ̀. Ibi tí mo máa ń fẹ́ dé gan-an nìyí, ó sì máa ń yà mí lẹ́nu pé ẹnikẹ́ni kì í sọ ọ́ fún àwọn tó ń jáwọ́ nínú sìgá.

Obì, gbànja, kọfí, tíì, ohun mímu inú agolo yẹn, kaféènì, èròjà tó ń lé oorun lọ, ló wà nínú gbogbo wọn. Ẹ̀dọ̀ ló ń fọ́ kaféènì kó tó lè jáde lára. Èéfín sìgá wá máa ń ti ẹ̀dọ̀ níṣẹ́, débi pé á máa fọ́ kaféènì ní nǹkan bí ìlọ́po méjì bó ṣe yẹ kó yá tó. Nikotíìnì kọ́ ló ń ṣe ìyẹn, àwọn èròjà mìíràn inú èéfín náà ni. Òun ló jẹ́ kí amusìgá lè rún gbànja títí ilẹ̀ á fi ṣú, kó sì tún sùn. Tí sìgá bá dúró, láàárín bí ọ̀sẹ̀ kan, ẹ̀dọ̀ á padà sí ìrìn tirẹ̀. Iye gbànja tí ẹ ń jẹ tẹ́lẹ̀ á wá máa pẹ́ lára yín, bí ìgbà tí ẹ sọ ọ́ di méjì. Ẹ̀yin wá tún fi kún un! Àyà á máa já, ọwọ́ á máa gbọ̀n, oorun ò ní í wá lóru, ilẹ̀ á mọ́ tòun ti àárẹ̀, ẹ ó tún wá gbànja lọ. Mo lérò pé ìdajì ohun tí ẹ̀ ń ṣàròyé rẹ̀ yìí, gbànja ló ni ín.

Ẹ gé e sí ìdajì, kó má sì kọjá ọ̀sán. Àmọ́ ẹ má já a sílẹ̀ lójijì, torí orí fífọ́ àti àárẹ̀ tí ìyẹn náà ń fà, ẹ ò ní mọ èyí tó jẹ́ ti sìgá mọ́. Agolo yẹn ní tirẹ̀, ẹ fi sílẹ̀ fún àwọn ọmọ iṣẹ́, tàbí kí ẹ gba àwọn náà níyànjú. Tí ẹnu bá dá wà, orín wà. Orín àtà ni mo fẹ́ràn jù, ó ń ta lẹ́nu, ó sì ń gbà tó àkókò tí sìgá kan ń gbà.

Èyí tó kàn kò kan télọ̀, ṣùgbọ́n ó kan ẹlòmíràn tó ń kà á. Àwọn oògùn kan wà tí ẹ̀dọ̀ ń fọ́ lọ́nà kan náà pẹ̀lú kaféènì: olanzapine àti clozapine tí wọ́n ń fún àwọn tó ní àrùn ọpọlọ, theophylline àti aminophylline tí àwọn kan ń lò fún ikọ́ fée. Ẹni tó bá wà lórí èyíkéyìí nínú wọn, kó sọ fún dókítà rẹ̀ kó tó fi sìgá sílẹ̀, torí oògùn náà lè wá pọ̀ lápọ̀jù nínú ẹ̀jẹ̀, wọ́n á sì ní láti dín in kù. Ẹni tó ń gún abẹ́rẹ́ insulin, kó máa yẹ ṣúgà rẹ̀ wò lemọ́lemọ́. Ẹ má fìyẹn ṣe àwáwí láti máa mu ún nìṣó o.

Gbẹ̀du:

Ẹ̀yin wọ̀nyí ń fi ìwé dààmú ọkùnrin yìí. Télọ̀, lọ ra aṣáárà díẹ̀, fín in símú, ojú ẹ á là kedere. Tó bá di alẹ́, gba ṣọ́ọ̀tì paraga kan, wàá hanrun títí dàárọ̀. Ohun tí àwọn bàbá wa ń ṣe nìyẹn.

Ọmọ Ìṣẹ́yìn:

Gbẹ̀du, kí ni wọ́n fi ń ṣe aṣáárà ná? Tábà kan náà ni. Ó kàn gba imú wọlé dípò ẹ̀dọ̀fóró ni, bárakú rẹ̀ ò sì yàtọ̀.

Òkè-Ògùn la ti wá, owó tábà ló sì rán àwa kan lọ sílé ìwé. Tí wọ́n bá lọ já ewé láàárọ̀ nígbà tí ìrì ṣì wà lórí rẹ̀, òòyì á máa kọ́ àwọn ọmọdé, wọ́n á máa bì, ẹlòmíì á dùbúlẹ̀ sábẹ́ igi títí di ọ̀sán. Àwọn àgbà ní oòrùn ló pa wá. Ìgbà tí mo kàwé ni mo tó mọ̀ pé nikotíìnì inú ewé tútù ló ń bá omi ìrì gba awọ wọlé. Ẹni tí kò fi iná sí i, tí kò gbé e sẹ́nu o! Mo wá rí i pé bẹ́ẹ̀ náà ni nikotíìnì (patch) tí wọ́n ń lẹ̀ mọ́ apá, tí àwọn dókítà ń fúnni, ṣe ń ṣiṣẹ́. Ìwọ̀nba kékeré ló ń gba awọ wọlé, díẹ̀díẹ̀, wọ́n á sì máa dín in kù bí ọ̀sẹ̀ ṣe ń lọ. Kò sí èéfín níbẹ̀, kò sí ọ̀dà tó ń dúdú sí ẹ̀dọ̀fóró. Tí télọ̀ bá fẹ́ kí nǹkan kan gbé òun dìde, èyí tí wọ́n wọn ìwọ̀n rẹ̀ sàn ju aṣáárà tí wọ́n fi ṣíbí bù lọ.

Awakọ̀ Ọ̀jọ́ta:

Ti paraga yẹn náà, ibi tí wọ́n ti ń ta paraga ni wọ́n ti ń ta sìgá lẹ́yọ. Òfin tábà ti 2015 ní kò sí ẹni tó gbọ́dọ̀ tà á lẹ́yọ, páálí tó ní ẹyọ 20 nínú ni kí wọ́n máa tà, ṣùgbọ́n ẹ lọ sí gáréèjì kí ẹ lọ fojú yín rí i. Ẹ bá ti gbé ife kan jókòó, ọwọ́ ti mọ ibi tó ń lọ. Ọtí máa ń jẹ́ kí oorun tètè gbéni lóòótọ́, àmọ́ á jí yín ní agogo méjì òru, ọkàn á sì wúwo lọ́jọ́ kejì ju ti tẹ́lẹ̀ lọ.

Ṣe ni mo yí ibi tí mo ti ń jẹun ọ̀sán padà. Tí ìpòùngbẹ rẹ̀ bá dé, kì í ju ìṣẹ́jú mẹ́ta sí márùn-ún lọ kó tó rọlẹ̀, ẹ wo aago kí ẹ rí i. Mo máa ń sọ̀ kalẹ̀, màá rìn yí mọ́tò po, màá bọ́jú, màá ju Tom Tom kan sẹ́nu. Àwọn èrò á máa pariwo pé kí la dúró ṣe. Màá ní mò ń yẹ táyà wò.

Ìyá Ìbejì Àkúrẹ́:

Mi ò mu sìgá rí láyé mi, àmọ́ mo bá ẹni tó fi í sílẹ̀ gbé, ẹ jẹ́ kí n sọ tẹnu mi. Dádì Ìbejì kì í jẹun àárọ̀. Sìgá àti tíì ni. Nígbà tó fi sìgá sílẹ̀, tíì nìkan ló kù. Tó bá fi máa di agogo mẹ́wàá, ara á ti máa gbọ̀n, á máa bá gbogbo ilé jà, á tún ní àárẹ̀ ń mú òun. Mo bá ṣòfin pé ẹnikẹ́ni ò ní í jáde láì fi nǹkan gidi sínú: ẹ̀kọ àti mọ́ínmọ́ín, iṣu àti ẹyin, ẹ̀wà, ohunkóhun tó bá wà. Èyí tí nọ́ọ̀sì sọ pé sìgá ń gbé ṣúgà sókè yẹn ló jẹ́ kó yé mi lónìí. Ẹni tí sìgá ti ń bá dá ebi dúró láti ọdún pípẹ́, ó yẹ kí oúnjẹ wá gba ipò rẹ̀.

Kí ẹ má fi bisikíìtì àti ẹlẹ́rìndòdò dí àyè náà o, wọn kì í gbéni dé ọ̀sán. Ẹ̀pà, ọ̀fíọ̀, ọsàn, àgbálùmọ̀ tó bá jẹ́ àsìkò rẹ̀. Dádì Ìbejì sanra díẹ̀. Kí ló dé? A ra ṣòkòtò.

Ìyàwó télọ̀, tí ẹ bá ń ka èyí, ẹ forí jì í tó bá jágbe. Àmọ́ ẹ má jẹ́ kó sọ ọ́ di ẹ̀tọ́. Ẹ má máa gbóòórùn aṣọ rẹ̀ tó bá wọlé, ẹ má yẹ àpò rẹ̀ wò. Wọ́n gba èmi náà nímọ̀ràn pé kí n máa yẹ̀ ẹ́ wò, mo ní ọmọdé kọ́ ni mo fẹ́.

Alfa Ìlọrin:

As-salaamu alaykum. Mo fẹ́ fi kékeré kan kún un. Àwọn ọmọ wa tó ń mu sìgá máa ń gba ààwẹ̀ láti ìdájí títí oòrùn á fi wọ̀, wọn kì í mu ún, wọ́n á sì ṣiṣẹ́ wọn. Ọjọ́ mẹ́ta àkọ́kọ́ nínú Ramadan, orí ń fọ́ wọn, ojú ń ṣú, wọn kì í sì í pe ìyẹn ní àìsàn. Wọ́n mọ̀ pé ara ń tẹ̀ síbi tí wọ́n darí rẹ̀ sí ni. Ibi tí wọ́n ti ń bà á jẹ́ ni ìgbà tí wọ́n bá ṣínu: omi àti dàbínù kọ́kọ́, sìgá ìkejì. Mo máa ń bi wọ́n pé ẹni tó ti fi gbogbo ọ̀sán borí rẹ̀, kí ló tún ń wá lọ sọ́dọ̀ rẹ̀ lálẹ́?

Ará Peckham:

Ẹ kú iṣẹ́ o, gbogbo ilé. Ní London níbí, ọ̀fẹ́ ni ìrànlọ́wọ́ tí NHS, iléeṣẹ́ ìlera ìjọba, ń ṣe fún ẹni tó bá fẹ́ jáwọ́. Obìnrin tó ń bójú tó mi á ní kí n fẹ́ atẹ́gùn sínú ẹ̀rọ kékeré kan, nọ́ńbà tó bá jáde lójú rẹ̀ ni ìwọ̀n carbon monoxide tí nọ́ọ̀sì ń sọ lẹ́ẹ̀kan. Bí nọ́ńbà yẹn ṣe ń wálẹ̀ ni orí mi ń wú, àní lọ́jọ́ tí mi ò fẹ́ rí ẹnikẹ́ni sójú.

Èyí tí wọ́n ń lẹ̀ mọ́ apá ni wọ́n fún mi, ti wákàtí 24. Àlá tí mo ń lá! Gbogbo òkú ìdílé wa ló wá kí mi. Wọ́n ní kí n máa ṣí i kúrò tí mo bá fẹ́ sùn, pé ti wákàtí 16 náà wà. Oorun mi padà bọ̀ sípò, àárẹ̀ ọ̀sán sì lọ púpọ̀. Ẹni tó bá ń lò ó tí kò rí oorun sùn, kó yẹ ibẹ̀ wò kó tó dá sìgá lẹ́bi.

Nǹkan mìíràn ni pé oṣù kọkànlá ni mo jáwọ́, nígbà tí ilẹ̀ London ń ṣú ní agogo mẹ́rin ìrọ̀lẹ́. Òtútù àti òkùnkùn nìkan tó láti mú ọkàn èèyàn rẹ̀wẹ̀sì. Ẹ̀yin tí ẹ wà nílé ní oòrùn lọ́fẹ̀ẹ́, ẹ jáde rìn nínú rẹ̀ láàárọ̀ kí ẹ tó tan ẹ̀rọ. Ti sísanra tí Ìyá Ìbejì sọ, kílò mẹ́rin sí márùn-ún lọ́dún àkọ́kọ́ ló wọ́pọ̀. Rírìn yẹn á gé díẹ̀ kúrò níbẹ̀.

Mo Ti Bọ́ Níbẹ̀:

Mi ò kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀ níbí. Mo fẹ́ kí télọ̀ mọ ìyàtọ̀ kan. Ìrẹ̀wẹ̀sì ti mú mi rí kí n tó fi sìgá sílẹ̀ rárá, nígbà tí iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ mi. Nígbà tí mo wá jáwọ́, mo ń retí kó lọ bí wọ́n ṣe ń sọ yìí. Kò lọ. Ó ń wúwo sí i ni. Mo ń dáwà, mi ò wẹ̀, mo ń rò pé ilé á sàn tí mi ò bá sí níbẹ̀. Ìyàwó mi ló gbé mi lọ sílé ìwòsàn ìjọba. Dókítà bá mi sọ̀rọ̀ dáadáa, ó fún mi ní oògùn, ó sì ní kí n máa padà wá. Kò ní kí n lọ mu sìgá. Ó ní ọ̀tọ̀ ni ti sìgá, ọ̀tọ̀ ni ìsoríkọ́, pé àwọn méjèèjì kàn pàdé lára mi ni.

Gbẹ̀du:

Àrò ni wọ́n gbé ẹ lọ nìyẹn, ọ̀gbẹ́ni. Ibi tí wọ́n ń gbé wèrè lọ.

Nọ́ọ̀sì Alẹ́:

Gbẹ̀du, fi ìyẹn sílẹ̀. Ní 1954 ni Thomas Adeoye Lambo, dókítà àrùn ọpọlọ, bẹ̀rẹ̀ sí í gba àwọn aláìsàn sí abúlé tó wà nítòsí ilé ìwòsàn Àrò, l'Ábẹ́òkúta. Wọ́n ń gbé láàárín àwọn ará abúlé, àwọn ẹbí wọn wà pẹ̀lú wọn, wọ́n sì ń lọ gba ìtọ́jú. Gbogbo ayé ló wá kọ́ ọ níbẹ̀. Ọmọ Yorùbá ló ṣe é, àwa la wá ń fi orúkọ ibẹ̀ bú ara wa.

Ẹni Tó Ti Bọ́ Níbẹ̀, ẹ ṣeun tí ẹ sọ ọ́. Ẹ̀gbọ́n télọ̀, ohun tí ẹ ó máa ṣọ́ nìyí. Ti sìgá máa ń yí padà: ẹ lè ní òwúrọ̀ búburú kí ọ̀sán dáa, ọ̀sẹ̀ yìí á sì fúyẹ́ ju èyí tó kọjá lọ. Tó bá jẹ́ pé ó lé ní ọ̀sẹ̀ méjì tí ọkàn yín ti wúwo láti àárọ̀ dalẹ́, lójoojúmọ́, tí kò rọlẹ̀ rárá, tí ẹ ń dá ara yín lẹ́bi ṣáá, tí ẹ ò lè ṣiṣẹ́, ẹ lọ rí dókítà. Ẹni tí ìrẹ̀wẹ̀sì bá ti mú rí, kó má tiẹ̀ dúró tó bẹ́ẹ̀. Tí èrò pé kí ẹ pa ara yín bá wá sọ́kàn, lọ́jọ́ yẹn gan-an ni kí ẹ sọ fún ẹni tó wà nítòsí, kí ẹ sì lọ sí ẹ̀ka pàjáwìrì ilé ìwòsàn tó bá sún mọ́ yín. Ẹ má dá wà. Àwọn tó wà ní Britain lè pe Samaritans lórí 116 123, tọ̀sán-tòru, ọ̀fẹ́ ni. Ní Amẹ́ríkà, 988 ni.

Ti àárẹ̀ náà, ẹ má lo oògùn ibà mọ́ láì ṣe àyẹ̀wò. Tó bá tó bí ọ̀sẹ̀ mélòó kan sí i tí kò sì dín kù, ẹ lọ ṣàyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ bóyá kò tó lára, ẹ wo ṣúgà, ẹ wo ìfúnpá. Ikọ́ díẹ̀ lẹ́yìn sìgá kì í ṣe tuntun, ẹ̀dọ̀fóró ń fọ ara rẹ̀ ni. Àmọ́ ikọ́ tó lé ní ọ̀sẹ̀ méjì pẹ̀lú òógùn òru, tí èèyàn sì ń rù, ẹ lọ yẹ ikọ́ ẹ̀gbẹ wò. Ọ̀fẹ́ ni àyẹ̀wò àti oògùn rẹ̀ nílé ìwòsàn ìjọba. Ìrora àyà tí ẹ mẹ́nu bà nídìí àtẹ̀gùn... rárá, ẹ ní èémí ni. Tó bá jẹ́ pé àyà tún ń dùn yín, ìyẹn ò gbọ́dọ̀ dúró de ọ̀sẹ̀ kankan.

Télọ̀ Mọ́kọ́lá:

Ẹ̀yin èèyàn mi, mo padà dé. Àyà kò dùn mí, èémí nìkan ni, ó sì ti sàn díẹ̀. Mo gé gbànja kù. Ọjọ́ méjì àkọ́kọ́ orí fọ́ mi, lẹ́yìn náà mo sùn débi pé ìyàwó mi wá yẹ̀ mí wò bóyá mò ń mí. Mi ò ní í sọ pé inú mi ti ń dùn. Ṣùgbọ́n àná, ọmọ iṣẹ́ mi kan rán àpò kan sódì, kàkà kí n jágbe, ẹ̀rín ló pa mí. Ìyàwó mi ti ka ọ̀rọ̀ Ìyá Ìbejì, ó ní kí n kí wọn, pé ibi ẹ̀tọ́ yẹn ni òun dì mú.

Ibi kan ló kù. Mẹkáníìkì tó wà ní ìsàlẹ̀ ṣọ́ọ̀bù mi ń mu sìgá, èéfín rẹ̀ sì ń gòkè wá bá mi ní agogo mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, àkókò tí ó ti rẹ̀ mí jù. Ibẹ̀ ni ọkàn mi ti ń yẹ̀. Mo fẹ́ ra ṣingọ́ọ̀mù tó ní nikotíìnì tí wọ́n ń sọ. Ṣé màá lè máa jẹ ẹ́ tí mo bá ń bá oníbàárà sọ̀rọ̀?

Apoògùn Òkè-Àdó:

Ẹ lè jẹ ẹ́, àmọ́ kì í ṣe bí ẹ ṣe ń jẹ ṣingọ́ọ̀mù ọmọdé. Ẹ rún un díẹ̀díẹ̀ títí ẹ ó fi gbọ́ bó ṣe ń ta lẹ́nu, kí ẹ wá fi pamọ́ sáàárín ẹ̀rẹ̀kẹ́ àti èrìgì. Tí títa yẹn bá lọ, ẹ tún rún un díẹ̀, ẹ tún fi pamọ́ sí ẹ̀gbẹ́ kejì. Bí ààbọ̀ wákàtí nìyẹn. Tí ẹ bá ń rún un lárúnmọ́rún, ẹ ó gbé nikotíìnì mì, inú á máa ru yín, òsúkè á dé, ẹ ó sì ní kò ṣiṣẹ́. Ẹ má mu kọfí tàbí ẹlẹ́rìndòdò ní ìṣẹ́jú 15 ṣáájú rẹ̀, wọn kì í jẹ́ kí ẹnu fà á mu. Mílígíráàmù 2 àti 4 ló wà. Ẹni tó máa ń mu sìgá àkọ́kọ́ láàárín ìdajì wákàtí tó bá jí ni wọ́n sábà ń fún ní 4.

Ẹ jẹ ẹ́ ní agogo mẹ́rin ku díẹ̀, kí mẹkáníìkì tó ṣáná. Kò pọ̀ káàkiri, owó rẹ̀ náà ò sì kéré, torí náà ilé oògùn ńlá ni kí ẹ ti béèrè, kí ẹ sì wo nọ́ńbà NAFDAC lára páálí kí ẹ tó sanwó.

Awakọ̀ Ọ̀jọ́ta:

Bọ̀dá, ẹ lọ bá mẹkáníìkì náà sọ̀rọ̀ kẹ̀. Bóyá òun náà ń wá ẹni tí wọ́n á jọ fi í sílẹ̀.